Ṣé a lè kó owó ṣọ́jà fún ilé ìwé bíi ti Costa Rica? Ìdáhùn fún tísà kan n'Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Tísà ni mí nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba kan n'Ìbàdàn. Ọmọ 70 ló wà ní kíláàsì mi, bẹ́ǹṣì tó wà níbẹ̀ ò ju 15 lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ló sọ fún mi pé orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n ń pè ní Costa Rica, pé wọ́n ní kí gbogbo ṣọ́jà wọn máa lọ sílé, wọ́n wá fi owó yẹn kọ́ ilé ìwé àti ọsibítù. Ṣé òótọ́ ni? Tó bá jẹ́ òótọ́, kí ló dé táwa náà ò lè bù nínú tírílíọ̀nù tí wọ́n ń ná sórí sìkúríítì yìí ká fi ra bẹ́ǹṣì fáwọn ọmọ wa?

Ìdáhùn:

Tísà mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ọmọ 70 nínú kíláàsì kan, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an nígbà tí mo kà á, torí ilé ìwé ìjọba lèmi náà lọ, mo mọ bó ṣe máa ń rí téèyàn bá ń kọ̀wé lórí itan ara ẹ̀. Ohun tí ọ̀rẹ́ yín sọ, òótọ́ ni, àmọ́ ìdajì ìtàn ló sọ. Ìdajì tí kò sọ yẹn gan-an ló máa dáhùn ìbéèrè yín, torí náà ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ó máa gùn díẹ̀ o.

Ọdún 1948 ni. Costa Rica, orílẹ̀-èdè kékeré kan ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, dìbò ààrẹ lóṣù Kejì, ẹni tó ń jẹ́ Otilio Ulate ló wọlé, àfi bó ṣe di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta tí ilé aṣòfin wọn ní àwọn ti wọ́gi lé ìbò náà. Àwa tí June 12 ṣẹlẹ̀ lójú wa, kò sẹ́ni tó máa ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé fún wa bí ìyẹn ṣe máa ń ká ará ìlú lára. Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ José Figueres, Don Pepe ni wọ́n ń pè é, kó èèyàn jọ, wọ́n gbé ìbọn, ogun abẹ́lé yẹn ò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà àti díẹ̀ lọ àmọ́ nǹkan bí 2,000 èèyàn ló bá a lọ, ní orílẹ̀-èdè tí gbogbo èrò inú ẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 800,000 nígbà náà. Èrò Ìbàdàn nìkan lónìí ju ìyẹn lọ dáadáa.

Figueres ló borí. Ẹni tó bá ti fi ìbọn gba ìjọba, tí àwọn ọmọ ogun tiẹ̀ sì wà lẹ́yìn ẹ̀, ohun tá a mọ̀ ni pé ńṣe ló máa jókòó ti ìbọn yẹn. Figueres ò ṣe bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1948, ó lọ sí báráàkì Bellavista ní San José tó jẹ́ olú ìlú wọn, ó gbé òòlù ńlá, ó fi lu ògiri báráàkì náà níṣojú gbogbo èèyàn, ó ní ọmọ ogun ò sí mọ́ o, báráàkì yìí ti di mùsíọ́mù. Mùsíọ́mù ìjọba wọn ló ṣì jẹ́ dòní, ojú ihò tí ọta ìbọn 1948 dá sára ògiri ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, wọn ò rẹ́ ẹ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀ wọn, abala 12, pé orílẹ̀-èdè yẹn ò gbọ́dọ̀ ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó máa wà títí lọ.

Ibi tí ọ̀rẹ́ yín gbọ́ dé nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń dé tí wọ́n á dúró.

Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ṣọ́jà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé yẹn ò tó nǹkan rárá, ọgọ́rùn-ún mélòó kan péré ni wọ́n. Ìdí tó sì fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ ṣọ́jà ti sú àwọn ará ìlú yẹn láti bí ọgbọ̀n ọdún ṣáájú. Ní 1917, mínísítà ogun wọn, Federico Tinoco, fi ṣọ́jà gbàjọba, ó sì ń fìyà jẹ gbogbo ẹni tó bá yanu. Ẹ mọ àwọn tó wà lára àwọn tó gbéra sọ? Àwọn tísà ni! Lóṣù Kẹfà ọdún 1919, àwọn tísà, obìnrin ló sì pọ̀ jù nínú wọn, àwọn pẹ̀lú àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì, wọ́n tú síta ní San José, wọ́n dáná sun ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn tó ń gbè sẹ́yìn Tinoco, nígbà tó máa fi di oṣù Kẹjọ ọdún yẹn Tinoco ti kúrò nílùú. Látìgbà yẹn lọ, ìjọba tó bá dé ń bu owó ṣọ́jà kù, wọ́n ń bù ú kù, débi pé nígbà tí Figueres fi máa gbé òòlù ẹ̀, owó tó kù nídìí ṣọ́jà ò lè kọ́ ọsibítù kárí ìlú, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn.

Níbo wá ni owó ti wá? Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ sí jù.

Ṣáájú kí wọ́n tó lé ṣọ́jà ni wọ́n ti kọ́ ilé tí owó máa wọ̀ sí. Láti 1869 ni òfin wọn ti sọ pé ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, ó sì jẹ́ dandan fún gbogbo ọmọ. Wọ́n dá yunifásítì wọn sílẹ̀ ní 1940. Ní 1941 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Caja, àjọ tó ń bójú tó ìlera àti pẹ́ńṣọ̀n àwọn òṣìṣẹ́. Ẹni tó dá Caja sílẹ̀ ni Rafael Ángel Calderón Guardia, dókítà ni, òun ló ṣe ààrẹ nígbà yẹn. Òun náà ló díje pẹ̀lú Ulate ní 1948, torí tiẹ̀ ni wọ́n ṣe wọ́gi lé ìbò, òun gan-an sì ni Figueres bá jagun! Ọ̀tá paraku. Àmọ́ nígbà tí Figueres borí, kò fọwọ́ kan Caja láti bà á jẹ́, kò yí orúkọ ẹ̀ padà, kò ní iṣẹ́ ẹni tó lọ ni kí wọ́n pa á tì. Ó gbà á bó ṣe wà, àwọn tó bá a ṣèjọba sì mú un gbòòrò sí i. Mo máa ń ronú lórí nǹkan tí ọkùnrin yìí ṣe yẹn ju òòlù tó fi lu ògiri lọ, torí nílẹ̀ wa níbí, gómìnà tuntun á dé, ilé ìwòsàn tí èyí tó lọ kọ́ dé ìpele òrùlé, koríko á bò ó.

Bí Caja ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé òṣìṣẹ́ ń dá nínú owó oṣù ẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́ ń dá, ìjọba náà ń dá, owó yẹn sì ń lọ sínú àpò Caja tààrà, kì í ṣe nǹkan tí mínísítà kan máa jókòó lé lórí lọ́dọọdún kó tó pinnu bóyá òun máa yọ̀ǹda ẹ̀. Inú òfin ìpìlẹ̀ 1949 yẹn kan náà, ìyẹn èyí tó fòfin de ọmọ ogun, abala kan wà níbẹ̀, abala 73, tó sọ pé owó ìlera àti pẹ́ńṣọ̀n yìí, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ gbé e lọ síbòmíì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ ná an sí nǹkan míì yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá a. Abala 12 ni gbogbo ayé mọ̀. Èmi tí mo ti ń ka ìwé bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ogún ọdún ó lé, abala 73 ni mo máa ń fi han èèyàn. Torí owó tẹ́ ẹ bá gbà lọ́wọ́ ṣọ́jà, tẹ́ ẹ bá gbé e kalẹ̀ láìní ìdérí, àárọ̀ ọjọ́ kejì ẹ ò ní bá a níbẹ̀.

Wọ́n sì gba owó orí. Ìjọba Figueres ní kí àwọn olówó san ìdá mẹ́wàá nínú ọrọ̀ wọn lọ́dún 1948, ó gba àwọn bánkì bọ́ sọ́wọ́ ìjọba lóṣù Kẹfà ọdún yẹn, nígbà tó sì padà wọlé nípasẹ̀ ìbò ní 1953, ó bá United Fruit, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ káàkiri ibẹ̀, jókòó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi gbà pé àwọn á máa san owó orí tó pọ̀ ju èyí tí wọ́n ń san tẹ́lẹ̀ lọ dáadáa. Ìyẹn ò ṣàjèjì sáwa náà. Nígbà tí Awólọ́wọ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù Kìíní ọdún 1955, ó kọ́kọ́ fi kún owó orí, inú bí àwọn èèyàn débi pé nínú ìbò ilé aṣòfin àpapọ̀ ní 1954, ẹgbẹ́ NCNC ló mú ìjókòó tó pọ̀ jù ní Ìwọ̀ Oòrùn níbí, kì í ṣe ẹgbẹ́ tiẹ̀. Àmọ́ kò yẹ̀. Kòkó náà sì lówó lórí lásìkò yẹn, ó ràn án lọ́wọ́. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tó wọ ilé ìwé lọ́dún 1955 yẹn, ìdí tí mo fi mọ̀wé ká nìyẹn, torí náà mi ò kì í fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré.

Ó tún gba sùúrù. Ẹ wò ó, ní 1970, ọdún kejìlélógún tí wọ́n ti lé ṣọ́jà, nínú 1,000 ọmọ tí wọ́n bá bí ní Costa Rica, nǹkan bí 68 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún kan. Owó ṣọ́jà ò tíì gba àwọn ọmọ yẹn là. Nígbà tó di 1973 ni wọ́n kó gbogbo ọsibítù ìjọba sábẹ́ Caja, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ìlera fún àwọn ìgbèríko, wọ́n ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ìlera síṣẹ́ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n ń fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára, wọ́n ń wo kànga, wọ́n ń wo ṣáláńgá, wọ́n ń kọ orúkọ aláboyún sílẹ̀. Nígbà tó fi máa di 1980, 68 yẹn ti já wálẹ̀ sí nǹkan bí 20. Ọdún mẹ́wàá! Ohun tó ṣe é ni àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn yẹn, pẹ̀lú owó oṣù wọn tó ń wọlé láìyẹ̀, torí pé ó ti níbi tó ń gbà wá. Lónìí, ẹni tí wọ́n bá bí síbẹ̀, ọgọ́rin ọdún ni wọ́n ń retí kó lò láyé, bó ṣe rí ní Amẹ́ríkà tó lówó jù wọ́n lọ fíìfíì.

Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rò pé Costa Rica kàn jókòó tó ń gbàdúrà kí ọ̀tá má wá o. Ọjọ́ mẹ́wàá ò tíì pé lẹ́yìn tí Figueres gbé òòlù tí àwọn ọmọ ogun Calderón fi ya wọlé láti Nicaragua tó múlé gbè wọ́n. Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn pẹ̀lú àwọn orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà yòókù pé ẹni tó bá kọ lu ọ̀kan, gbogbo wọn ló kọ lù, àwọn yẹn dá sí i, ogun ọ̀hún sì rọlẹ̀. Ní 1955 wọ́n tún wá, Amẹ́ríkà ta ọkọ̀ òfuurufú ogun mẹ́rin fún wọn, dọ́là kan péré lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n sì ní ọlọ́pàá, tó ń gbé ìbọn, tó ń ṣọ́ ẹnubodè àti etí òkun. Ààbò ṣì wà, ọ̀nà míì ni wọ́n gbà ń ṣe é. Lẹ́yìn náà, ẹ̀rù tó ń ba Figueres jù, mo rò pé inú ilé ni, kì í ṣe ìta: lóṣù Kẹrin ọdún 1949, Edgar Cardona tó jẹ́ mínísítà ààbò tiẹ̀ fúnra ẹ̀ gbìyànjú láti fi ìbọn gbàjọba, wọ́n borí ẹ̀. Àwa tá a jẹ ìyà ṣọ́jà fún ọdún tó fẹ́ẹ̀ tó 30 láàárín 1966 sí 1999, a mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Àwọn náà ò sí ní párádísè o. Ní 2023 èèyàn tó lé ní 900 ni wọ́n pa ní Costa Rica, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí níbẹ̀, àwọn tó ń kó kokéènì gba ibùdókọ̀ ojú omi wọn kọjá ló ń pa ara wọn. Òfin wọn ní kí ẹ̀kọ́ gba 8 nínú 100 gbogbo ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè bá ń pa lọ́dún, ìjọba ò tíì dé ibẹ̀ rí. Àwọn tísà wọn sì ń jáde sí títì láti béèrè ẹ̀, bíi ti 1919.

Ẹ jẹ́ ká wá wo àwọn tó ṣe é láìkọ́ ilé tí owó máa wọ̀. Haiti. Ní 1995 Ààrẹ Aristide tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká, nǹkan bí 7,000 ṣọ́jà, ó sì ní ìdí, torí àwọn ni wọ́n fi ìbọn lé e kúrò lórí oyè ní 1991. Àmọ́ wọn ò kọ ọ́ sínú òfin ìpìlẹ̀, ìbọn ṣì wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn ṣọ́jà yẹn, kò sí iṣẹ́ gidi tí wọ́n fún wọn, ọlọ́pàá tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ ò lágbára, kò sì sí àjọ kankan bíi Caja tí owó lè wọ̀ sí. Ilé tá a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 2004, àwọn ṣọ́jà àtijọ́ yẹn wà lára àwọn tó gbé ìbọn tí Aristide fi fìlú sílẹ̀. Ní 2017 ìjọba tún dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun padà, lónìí ẹ̀ ń gbọ́ bí àwọn jàǹdùkú ṣe gba Port-au-Prince, olú ìlú wọn. Costa Rica lé ṣọ́jà, Haiti lé ṣọ́jà. Nǹkan tí wọ́n jọ ṣe ọ̀hún kọ́ ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Gúúsù Áfríkà náà, lẹ́yìn tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà parí, wọ́n bu owó ṣọ́jà kù gan-an, gbogbo ayé ń pàtẹ́wọ́, nígbà tó wá di 1999 ni wọ́n fọwọ́ sí rírà ọkọ̀ ogun ojú omi àti bàálù ogun tó tó bílíọ̀nù 30 ráǹdì, ní àsìkò tí àrùn éèdì ń pa àwọn ọmọ wọn bí ẹni ń gé koríko. Àwọn ará ìlú ló gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ ló sì pàṣẹ ní 2002 kí wọ́n máa fún àwọn aláboyún ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí àrùn náà ràn ọmọ. Òfin tó ní gbogbo èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ sí ìtọ́jú ìlera ló gbè wọ́n. Tí wọn ò bá ní òfin yẹn ńkọ́?

Ó yá, ká bọ̀ sílé.

Ṣé Nàìjíríà lè ṣe bíi Costa Rica ká ní kí ṣọ́jà máa lọ sílé? Rárá, mi ò ní purọ́ fún yín. Òfin ìpìlẹ̀ wa, abala 217, sọ pé a gbọ́dọ̀ ní ọmọ ogun, kì í ṣe òfin tí wọ́n ń fi ọ̀sẹ̀ kan yí padà. Ogun Boko Haram ti ń jà láti 2009. Lóṣù Kìíní ọdún 2024, ní Emùré-Èkìtì níbí, wọ́n dá bọ́ọ̀sì ilé ìwé dúró, wọ́n jí àwọn ọmọ kéékèèké gbé pẹ̀lú àwọn tísà wọn. Ẹni tó bá sọ fún ìyá àwọn ọmọ yẹn pé kí wọ́n gbé owó sìkúríítì kúrò, ìyá yẹn ò ní fetí sí i, ó sì jàre.

Ẹ wá jẹ́ ká ṣí bọ́jẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí Ààrẹ Tinubu gbé bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025 lọ síwájú àwọn aṣòfin lóṣù Kejìlá 2024, ààbò gba tírílíọ̀nù 4.91 náírà, òun ló gba iwájú, ẹ̀kọ́ gba 3.52, ìlera gba 2.48. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò wò ni pé tírílíọ̀nù 4.91 yẹn, kì í ṣe ṣọ́jà nìkan ló ni ín, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ wà níbẹ̀, èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ sì máa ń jẹ́ owó oṣù àti owó ìnáwó ojoojúmọ́. Ẹ ò lè gé owó oṣù kọ́ńsítébù kẹ́ ẹ fi ra bẹ́ǹṣì, owó oṣù yẹn gan-an ò tó o. Ìlera, bí 5 péré nínú 100 ló gbà, bẹ́ẹ̀ ìlú Abuja tiwa níbí ni àwọn ààrẹ Áfríkà ti péjọ lóṣù Kẹrin ọdún 2001 tí wọ́n ṣèlérí 15 nínú 100 fún ìlera. Àwa tá a gbàlejò ìpàdé yẹn ò tíì dé ibẹ̀ rí.

Níbo wá la ti lè bù ú? Ibi tí ẹnikẹ́ni ò ti ń rí i ni. Ẹ ti gbọ́ nípa sìkúríítì fóòtù. Owó tí ààrẹ, gómìnà, títí dé orí alága káńsù nígbà míì, máa ń gbà lóṣooṣù lórúkọ ààbò, kì í ṣe owó tí wọ́n ń fi rìsíìtì ná, wọn kì í ṣe ọ̀díìtì ẹ̀, aṣòfin kì í béèrè ibi tó wọlẹ̀ sí. Ní 2018, àjọ Transparency International, tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́, ṣírò ẹ̀ pé ó lé ní bílíọ̀nù 241 náírà lọ́dọọdún nígbà yẹn. Ó sì jọ mí lójú pé kò sẹ́ni tó lè fi han yín pé owó yẹn ló ń dá àwọn ajínigbé dúró, torí bó ṣe ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń jí èèyàn sí i. Ní 2015 náà, ìgbìmọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ló ń wádìí bílíọ̀nù dọ́là 2 àti díẹ̀ tó yẹ kó ra ohun ìjà fún àwọn ọmọ wa tó ń bá Boko Haram jà. Ṣọ́jà tó wà nínú igbó ò rí i, tísà tó wà ní kíláàsì ò rí i. Torí náà tí wọ́n bá ní ẹni tó ń béèrè ìṣírò owó sìkúríítì kò fẹ́ràn ṣọ́jà, irọ́ ni, àwọn ṣọ́jà kéékèèké yẹn ni owó tó sọnù yìí kọ́kọ́ ń pa.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ǹṣì yín wá kù. Tísà mi, àwa náà ní nǹkan tó jọ abala 73, kò kàn ní eyín ni. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 sọ pé ìjọba àpapọ̀ gbọ́dọ̀ yọ ó kéré tán 2 nínú 100 lára àpò owó gbogbogbòò ẹ̀ fún ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti JSS, kó gbé e fún àjọ UBEC, kí àwọn ìpínlẹ̀ wá gbà á. Àmọ́ kí ìpínlẹ̀ kan tó lè gba tiẹ̀, ó gbọ́dọ̀ mú iye kan náà wá látọ̀dọ̀ ara ẹ̀. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún ni pé owó bílíọ̀nù bílíọ̀nù máa ń jókòó sí Abuja, ọ̀pọ̀ gómìnà ò wá gbé e, torí wọ́n ní àwọn ò rówó tó yẹ káwọn fi gbà á. Wọn ò rówó, àmọ́ sìkúríítì fóòtù ò yẹ̀ lóṣù kan rí. Ibi tí owó ààbò àti owó bẹ́ǹṣì ti pàdé gan-an nìyẹn, kò ní í ṣe pẹ̀lú lílé ṣọ́jà kankan lọ sílé. Ìlera náà rí bẹ́ẹ̀, òfin ìlera ti 2014 ní kí wọ́n yọ 1 nínú 100 fún àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké, ọdún 2018 ni owó yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́kọ́ wọ inú bọ́jẹ́ẹ̀tì, ọdún mẹ́rin gbáko lẹ́yìn òfin. Ìlú ìyá mi ní ilé ìwòsàn kan tí wọ́n kùn ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé tó dán, nígbà tí mo débẹ̀ kẹ́yìn nọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, garawa ló fi ń pọnmi wá láti ilé ẹ̀ kó tó lè gbẹ̀bí.

Tó bá jẹ́ èmi ni wọ́n ní kí n yan nǹkan kan, mi ò ní bẹ̀rẹ̀ lórí ká gé owó ṣọ́jà. Mo máa ní kí òfin sọ ọ́ pé ìpínlẹ̀ tí kò bá tíì san owó UBEC tiẹ̀ fún ọdún yẹn, gómìnà ibẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan sìkúríítì fóòtù. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè ṣe òfin yẹn fúnra wọn, kò dúró de Abuja.

Ẹ̀yin náà lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tẹ́ ẹ wà. Òfin kan wà láti 2011 tó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba, ní 2025 ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sì sọ pé ó kan gbogbo ìpínlẹ̀, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀ nìkan. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti dáhùn. Ẹ má dá a ṣe torí tísà ìjọba lẹ jẹ́, mi ò fẹ́ kí wọ́n torí ẹ̀ gbé yín lọ sí ilé ìwé tó jìnnà, ẹ jẹ́ kó ti ọwọ́ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ wá, kí òbí bí mẹ́rin márùn-ún fọwọ́ sí i. Nǹkan méjì péré ni kẹ́ ẹ béèrè: èló ni ìpínlẹ̀ yín san fún UBEC lọ́dún mẹ́ta tó kọjá àti èló ni wọ́n gbà padà, àti pé èló ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún sìkúríítì fóòtù láàárín ọdún mẹ́ta yẹn kan náà. Ẹ kọ ọ́ ní ẹ̀dà mẹ́ta, ọ̀kan fún SUBEB, àjọ tó ń bójú tó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ yín, ọ̀kan fún ọ̀fíìsì aṣòfin tó ń ṣojú àdúgbò yín, ẹ̀dà kẹta ni kẹ́ ẹ mú dání, kẹ́ ẹ sì rí i pé wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú déètì sí i kẹ́ ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ọjọ́ tó bá wà lórí òǹtẹ̀ yẹn ni ọjọ́ méje ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í kà.